Iṣẹ́ Agbo Ilé Lọ́rùn Ènìyàn Méjì

Ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí a máa mu ọmú ní ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín wákàtí 24. Ká ní ìdajì wákàtí ni ẹ̀ẹ̀kan ń gbà, tó sì mu ún ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, wákàtí márùn-ún gbáko ti lọ sórí ọmú nìkan. A ò tíì ka gbígbé e léjìká kó lè gùfẹ̀, a ò ka pípààrọ̀ ìlédìí, fífọ aṣọ tó tọ̀ sí, gbígbé omi ìwẹ̀ kaná, àti rírẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó ń ṣe é. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, òru ló ń bọ́ sí. Ẹni tó sì ń ṣe é, ara rẹ̀ ò tíì bọ̀ sípò. Bóyá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n tilẹ̀ fi gbé ọmọ náà jáde. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá jágbe mọ́ ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ohun tí àwọn ará ilé á kọ́kọ́ wí ni pé ìwà rẹ̀ ti yí padà látìgbà tó ti bímọ. Bí ọkọ bá wá ń pẹ́ níta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á ní ojú rẹ̀ ti ń là sí ìta. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ìwà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ ká kọ́kọ́ ka iye ọwọ́ tó wà nídìí iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tí odidi agbo ilé ń pín ṣe láyé àtijọ́ ti di ti ènìyàn méjì, nígbà mìíràn ti ẹyọ ẹnì kan, ohun tí à ń retí lọ́wọ́ wọn kò sì dín rárá. Ibẹ̀ ni mo gbà pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú aáwọ̀ tó ń tẹ̀lé ìbímọ ti ń wá, ibẹ̀ náà ló sì yẹ ká ti wá àtúnṣe rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyípadà yìí kedere, ìlú Ẹdẹ ni kó wò. Láàárín ìlú, ní àyíká ààfin Tìmì àti Ọjà Tìmì, agbo ilé ṣì wà tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ìyálé ilé sì mọ ohùn ẹkún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, ìwẹ̀ ìkókó kì í ṣe iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á tẹ́ ọmọ gbọọrọ sórí ojúgun rẹ̀. Ẹnì kan á máa bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e lọ́wọ́, ẹlòmíràn á na kànìnkànìn àti ọṣẹ sí i. Á fọ orí ọmọ, á fọ abẹ́ ọrùn níbi tí omi ọmú máa ń gbẹ sí, á fọ abíyá, á na apá, á na ẹsẹ̀, á gbá a nídìí jẹ́jẹ́, á fi òrí pa á lára. (Àwọn kan á tún jù ú sókè. Àwọn dókítà ò fara mọ́ ìyẹn, wọ́n sì jàre.) Níbo ni ìyá ọmọ wà ní gbogbo àkókò yìí? Ó wà ní yàrá, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, tàbí kó tilẹ̀ ti sùn lọ. Ẹni mẹ́ta ló ń wẹ ọmọ kan, òun kò sì sí nínú wọn. Bó bá jí, aṣọ ọmọ á ti wà lórí okùn, ọbẹ̀ á ti wà nínú ìkòkò, ẹ̀gbọ́n ìkókó á ti jẹun ní yàrá kejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í bóyá kí wọ́n fún un.

Ẹdẹ kò dúró sójú kan o. Ọdún 1992 ni Poli ìjọba àpapọ̀ dé ìlú náà. Yunifásítì Adeleke bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011, nígbà tó sì di 2012, Yunifásítì Redeemer's kó kúrò ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn wá síbẹ̀. Olùkọ́, akọ̀wé, awakọ̀ àti oníṣòwò tẹ̀lé wọn wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe ọmọ Ẹdẹ: ìyá ìyàwó lè wà l'Óǹdó, kí ìyá ọkọ wà l'Ọ́yọ̀ọ́. Wọ́n á gba self-contain tàbí yàrá àti pálọ̀, wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́rí. Ọmọ bíbí ìlú gan-an, tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tẹ owó díẹ̀, ẹ̀yìn ìlú ló ń kọ́lé sí, á sì mọ ọgbà yí i ká. Ilé ti dára sí i, ariwo ti dín kù, ẹnì kan ò lè yọjú wo ohun tí o sè. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ké ní aago méjì òru nínú ọgbà yẹn, àwọn méjì tó bí i nìkan ló gbọ́, ọ̀kan nínú wọn sì lè máa díbọ́n pé òun ń sùn.

Àwọn tí irú ilé yìí ti mọ́ lára ṣáájú wa ti ṣèwádìí ohun tó ń dá sílẹ̀. Lọ́dún 1957, onímọ̀ àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, E. E. LeMasters, kọ̀wé lórí tọkọtaya 46 tí wọ́n bí àkọ́bí. 83 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní wàhálà tí ọmọ náà kó dé le tàbí pé ó le gan-an. Àwọn mìíràn tó tún un wò lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà kò burú tó bẹ́ẹ̀, n kò sì ní ká gbé gbogbo ẹrù lé ìwádìí àtijọ́ kan lórí. Èyí tó dá mi lójú jù ni ti Brian Doss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2009. Wọ́n tẹ̀lé tọkọtaya 218 fún ọdún mẹ́jọ àkọ́kọ́ ìgbéyàwó wọn, àwọn tó bímọ àti àwọn tí kò bí. Àwọn tí kò bímọ náà rí i pé adùn ìgbéyàwó ń dín, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Ti àwọn tó bímọ já wálẹ̀ lójijì lẹ́yìn tí ọmọ dé. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọmọ ló kó ìtutù wọ inú ìgbéyàwó. Ohun tí ọmọ ṣe ni pé ó mú kí ìtutù náà dé lẹ́ẹ̀kan náà, lásìkò tí kò sẹ́ni tó sùn dáadáa nínú àwọn méjèèjì.

Ẹnì kan lè sọ pé ti òyìnbó nìyẹn, pé Yorùbá ò mọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí àwọn dókítà wa fúnra wọn ṣe kò gbè é lẹ́yìn. Lọ́dún 2005, Dókítà Abiodun Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde kan jáde lórí àwọn obìnrin tó lé ní 800 ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, tí wọ́n yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ: 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ti di àìsàn. Iye yìí ga ju ti àwọn obìnrin tí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lọ dáadáa. Ó túmọ̀ sí pé bí ìyá ìkókó méje bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà nínú wọn tí kì í ṣe àárẹ̀ lásán ló ń dà á láàmú. Àwọn bàbá náà kò yọ sílẹ̀. James Paulson àti Sharnail Bazemore kó ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ lọ́dún 2010, wọ́n rí i pé nǹkan bí ẹni mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún bàbá ni ìrẹ̀wẹ̀sì ń mú, èyí tó pọ̀ jù sì ń bọ́ sí oṣù kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbímọ. Ní tiwa, oṣù kẹta sí ìkẹfà ni ìyá àgbà ti padà sídìí ọjà rẹ̀, tí àlejò ti dẹ́kun wíwá, tí ìsinmi ìbímọ ti ń parí, tí gbèsè ìkómọ sì ṣì wà nílẹ̀.

Àtakò tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn ìyá wa bí mẹ́jọ, wọ́n bí mẹ́wàá, wọn ò sì pariwo. Lóòótọ́ ni wọ́n bí i. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé nígbà náà yàtọ̀ sí bí a ṣe ń gbé báyìí, kì í sì í ṣe ti ìwẹ̀ ọmọ nìkan. John àti Pat Caldwell, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Ìbàdàn àti ilẹ̀ Yorùbá láyìíká ọdún 1973, ṣàlàyé bí obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú ṣe máa ń yẹra fún ọkọ rẹ̀ fún ọdún méjì sí mẹ́ta, nítorí ìgbàgbọ́ pé àtọ̀ ọkùnrin á ba omi ọmú jẹ́. Ìlànà yìí ní ohun tó gbé e dúró: yàrá ìyàwó yàtọ̀ sí ti ọkọ, ìyá ọkọ ń ṣọ́ ọ, ọkọ sì lè ní ìyàwó mìíràn. Mi ò sọ pé ó dùn mọ́ àwọn obìnrin náà. Ohun tí mo ń wí ni pé gbogbo ilé ló mọ òfin tó wà níbẹ̀, kò sí pé ẹnì kan ń bínú lábẹ́lẹ̀. Lónìí, ibùsùn kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà. Ìyá àgbà ṣì ń sọ pé ó di ìgbà tí wọ́n bá já ọmọ lẹ́nu ọmú. Dókítà ń sọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn Mùsùlùmí mìíràn ń ka ogójì ọjọ́. Ọkọ ní iye tirẹ̀ lọ́kàn tí kò sọ jáde. Ìyàwó ń yí ẹ̀yìn padà nítorí ojú ọgbẹ́ ń dùn ún, ọkọ sì gbà pé òun ni kò wù ú mọ́. Irú ìdákẹ́jẹ́ yìí burú ju ìjà lọ. Ẹ jókòó sọ ọ́ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ọmọ bá sùn: bí ara ìyá ọmọ ṣe rí, ìgbà tí wọ́n á tún un wò, irú ìfètò sọ́mọ bíbí tí wọ́n á lò. Àjọ ìlera àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ó tó oṣù 24, ó kéré tán, lẹ́yìn ìbímọ kí obìnrin tó tún lóyún. Ìbẹ̀rù oyún mìíràn wà lára ohun tó ń mú kí obìnrin sá fún ọkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ ni kò sì mọ̀.

Wọ́n á tún ní, “Ṣebí màmá ń bọ̀.” Ó dáa bó bá ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni màmá tí kò ní ọjà láti tà ti ṣọ̀wọ́n báyìí. Èyí tó bá sì rí àyè wá, ó lè jẹ́ òun gan-an ni àríyànjiyàn á bá wọlé. Nọ́ọ̀sì ti sọ pé ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ sí omi, kò gbọdọ̀ sí àgbo. Màmá tó fi àgbo tọ́ ọmọ márùn-ún yè ń wo ọ̀rọ̀ yìí bí àrífín. Bó bá jẹ́ ìyá ọkọ ni, ìyàwó ò lè dá a lóhùn. Bó bá dá a lóhùn, ó di pé ó ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Ìdájọ́ tèmi ni pé ọmọ ẹni ló yẹ kó bá ìyá ẹni sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe aya tàbí ọkọ rẹ̀. Kí ọkọ dọ̀bálẹ̀, kó ní, “Màmá, ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ní ká má tíì fún un lómi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa fara mọ́ ọn.” Kó wá gbé ohun tí wọ́n fẹ́ kí màmá ṣe gan-an síwájú rẹ̀: ìwẹ̀ ọmọ láàárọ̀, ọbẹ̀, àti kí ó gba ọmọ mọ́ra fún wákàtí méjì lọ́sàn-án kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Àgbà tó bá rí iṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀ kì í sábà ráyè wá ẹ̀sùn. Ní ti àwọn àlejò, ilé tuntun kò gbọdọ̀ máa gba àlejò bí agbo ilé ti ń gbà á, nítorí ìyá ìkókó fúnra rẹ̀ ló máa dìde lọ wá ọtí mínírà fún wọn.

Oorun ni mo máa fi ṣáájú nínú gbogbo ohun tí tọkọtaya lè ṣe, nítorí ẹni tí kò sùn kò lè ní sùúrù, bó ti wù kó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń sọ pé àwọn ò lọ́mú, kí wá ni àwọn lè ṣe lóru? Nǹkan púpọ̀ ni. Bí ọmọ bá ké, bàbá á dìde, á yẹ ìlédìí rẹ̀ wò, á pààrọ̀ rẹ̀, á gbé e wá fún ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn. Bó bá mu ọmú tán, bàbá á gbà á, á gbé e léjìká títí á fi gùfẹ̀, á gbé e rìn nínú pálọ̀ títí oorun á fi gbé e lọ. Ìyá kò dìde rárá. Ó fún ọmọ lọ́mú, ó tún padà sùn. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀ láti alẹ́ títí di aago kan òru, tí ìyá wá gba ìyókù, bàbá á rí wákàtí mẹ́rin tí kò sẹ́ni tó jí i, ìyá náà ò sì ní dìde kúrò lórí ibùsùn títí di aago kan. Ohun tó yẹ kí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé iṣẹ́ ẹni á jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ sí. Bó bá jẹ́ ọkọ ló ń pọn omi, tó sì ń mú ẹ̀gbọ́n ìkókó lọ síléèwé, kó má ṣe dúró dìgbà tí wọ́n bá rán an létí. Ìránnilétí náà iṣẹ́ ni, ìyàwó ló sì ń ṣe é.

Àwọn kan á bi mí pé ọkùnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ńkọ́. Mo gbà pé ó rẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ní aago tí wọ́n ń parí rẹ̀, ti ìkókó kò ní. Ìjọba pàápàá ti gbà bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n àyè kan: ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ pé òṣìṣẹ́kùnrin rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọmọ mẹ́rin. Òṣìṣẹ́bìnrin ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 16 tirẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé àwọn bàbá kan á fi ọjọ́ mẹ́rìnlá náà sáré ìkómọ. Ọlọ́kadà àti télọ̀ kò tilẹ̀ ní ìsinmi kankan, nítorí ọjọ́ tí wọn ò bá ṣiṣẹ́ ni wọn ò ní jẹun. Fún irú wọn, inú owó ìkómọ ni mo ti rí àyè. Kánópì, àga, ìrẹsì fún igba ènìyàn, aṣọ ẹbí: ẹ yọ ìdá kan nínú rẹ̀, ẹ fi gba alágbàfọ̀ tí á máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Àkíkà gan-an, ìyẹn ẹran tí àwọn Mùsùlùmí ń pa fún ìkómọ, ẹni tó ní agbára ni wọ́n ní kó ṣe é. Kò síbi tí wọ́n ti ní kéèyàn fi yá owó. Àwọn ẹbí lè ráhùn. Ìráhùn wọn á tán lọ́sẹ̀ kejì, gbèsè ò ní tán.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ náà ni pípín iṣẹ́ lè wò sàn, ó sì yẹ ká mọ ibi tí ààlà wà. Ẹkún tó máa ń gbọ̀n ìyá ọmọ ní ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún wọ́pọ̀, kì í sì í ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó lọ fúnra rẹ̀. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí nǹkan kan ò dùn mọ́ ọn mọ́, tí kò lè sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn, tó ń sọ pé ọmọ náà ì bá sàn láìsí òun, àìsàn nìyẹn. Èyí tí àwọn àgbà ń pè ní abísínwín ṣọ̀wọ́n, kì í ju ẹnì kan sí méjì lọ nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, ṣùgbọ́n kíá ló ń dé, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà: ó ń gbọ́ ohùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara mọ́, ó ń fura sí ọmọ. Ìyẹn kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Òṣogbo, níbi tí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIOSUN wà, kò jìnnà sí Ẹdẹ. Bí pásítọ̀ tàbí àlùfáà bá fẹ́ gbàdúrà, kí wọ́n tẹ̀lé e lọ gbà á níbẹ̀. Mi ò rí ìdí tí àdúrà àti oògùn á fi máa bára wọn jà lórí ẹyọ obìnrin kan.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìyá ọmọ ń wá sílé ìwòsàn déédéé ní àsìkò yìí gan-an. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá ni wọ́n ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára lórílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á gún un, wọ́n á kọ ọ́ sínú káàdì, ìyá rẹ̀ á pọ̀n ọ́n, ó di ilé. Láti ọdún 1987 ni John Cox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sikọ́tílándì ti ṣe ìbéèrè mẹ́wàá kan jáde tí wọ́n fi ń mọ ìyá tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, òun náà wà lára ohun tí àwọn dókítà wa ń lò. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe dókítà nìkan ló lè tọ́jú irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ní àwọn abúlé kan ní Pakísítánì, Atif Rahman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò bí wọ́n á ṣe máa bẹ àwọn ìyá tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú wò nílé, tí wọ́n á sì máa fi àwọn ará ilé sínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2008, 23 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìyá tí wọ́n bẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà ṣì wà lára wọn ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. 53 ni láàárín àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò láìsí irú ẹ̀kọ́ yẹn. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn ṣe kò ju ohun tí obìnrin àgbà inú agbo ilé ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀: wọ́n wá, wọ́n jókòó, wọ́n béèrè, wọ́n sì padà wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Ẹdẹ Àríwá àti Ẹdẹ Gúúsù, mo bẹ̀ yín: ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ẹ tó gún ọmọ lábẹ́rẹ́, ẹ bi ìyá rẹ̀ bó ṣe ń sùn, àti ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé. Bí bàbá bá sì tẹ̀lé e wá, ẹ má fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ẹ pè é wọlé, kẹ́ ẹ bi òun náà.